Ìyá Ìbejì, Ọmọ Wa Fẹ́ Fi Iléèwé Sílẹ̀

Houston, Texas
Ọjọ́ 11, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2026

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ kí n tó sùn. O ní kí ló dé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fẹ́ kúrò ní yunifásítì nígbà tó ku ọdún kan péré kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ló sọ iléèwé di ọ̀fẹ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn dá ọ lóhùn, mo tún pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀. Òní ni mi ò lọ sẹ́nu iṣẹ́, ni mo bá jókòó tì í.

Ilé wa kò tòrò. Láti ọjọ́ Kérésì ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti jẹun dáadáa. Ó ní òun kò fi òru ṣe iṣẹ́ fún ogún ọdún ní ilẹ̀ yìí kí ọmọ òun lè máa forí sọ orí jẹun láìní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọmọ náà ní òun kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bàbá rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan, á kàn dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Èmi ni àwọn méjèèjì wá ń pè, bí ìyá bá pè mí láàárọ̀, ọmọ á pè mí lálẹ́.

Bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa ń gbá kì í ṣe irú èyí tí àwọn ìbejì rẹ ń gbá. Èyí tó ṣe ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba bọ́ọ̀lù, kó há a mọ́ abíyá, kó sì sáré já àárín àwọn géńdé tí wọ́n tóbi bí ìlẹ̀kùn ọgbà. “Running back” ni wọ́n ń pe irú wọn. Kò sí ẹlòmíì lórí pápá tí wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ tó o.

Ìwọ náà mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọṣẹ́ tó lọ láìṣe fíríìdọ̀mù. Mo rántí ọmọbìnrin tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ nígbà tó ku oṣù mẹ́ta, tí o fi sunkún. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ó ṣì ń ránṣọ, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wá mọ́ ju ti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ. Bí ọwọ́ aránṣọ bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń já fáfá. Ẹsẹ̀ ọmọ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sáré ló ń ná nínú ohun tí kò ní padà. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹ. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Igbe, àwọn ẹgbẹ́ á máa mú ọmọ láti yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele méje, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní á kọ́kọ́ mú. Wọ́n ń pè é ní draft. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ń mú kò ju bíi 260 lọ. Ti ọdún yìí, Pittsburgh ni. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta tó jáde ní iléèwé girama kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ó sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó ń lọ tàbí kò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìdíje kan wà tí mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí ọmọ náà ṣe sùúrù. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2003, Ohio State àti Miami pàdé ní Tempe, ní Arizona, láti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn yunifásítì. Willis McGahee ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Miami. Nígbà tí ìdíje ń lọ sópin, ẹnìkan fi gbogbo ara lu orúnkún rẹ̀, orúnkún náà sì tẹ̀ sí ibi tí Ọlọ́run kò dá a láti máa tẹ̀ sí. O mọ wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ là ń tún eegun ṣe níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wo fídíò yẹn, mi ò tún wò ó mọ́. Síbẹ̀, McGahee sọ pé òun ò ní padà síléèwé, òun ń lọ sí draft. Ní oṣù Igbe ọdún yẹn kan náà, Buffalo Bills mú un ní ìpele kìíní, òun ni ẹni kẹtàlélógún. Ó fi ọdún kan gbáko tọ́jú ẹsẹ̀, ó sì wá gbá bọ́ọ̀lù títí di 2013.

Nínú ìdíje yẹn kan náà, ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Maurice Clarett ló gbé bọ́ọ̀lù tí Ohio State fi borí wọlé. Ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn. Kò sí ẹni tó wò ó lọ́jọ́ náà tó lè sọ pé kò tíì gbó. Nígbà tó yá, òun àti iléèwé rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, ó fẹ́ lọ sí NFL, òfin ọdún mẹ́ta sì dí i lọ́nà. Ó gbé NFL lọ sí kóòtù ní New York. Adájọ́ kìíní dá a láre ní oṣù Èrèlé 2004. Nígbà tó di oṣù Èbìbí, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Sonia Sotomayor tó wà ní kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lónìí ló kọ ìdájọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ Denver mú Clarett ní 2005, ní ìpele kẹta, wọ́n sì lé e kí àwọn ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbá ìdíje gidi kan ṣoṣo ní NFL. Títí dòní, òfin ọdún mẹ́ta wà bó ṣe wà.

Wọ́n ní nítorí ara àwọn ọmọ ni àwọn fi ṣe òfin náà, pé ara ọmọ ọdún 18 kò lè gba ìlù àgbà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, èmi nọ́ọ̀sì kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ara Marcus Lattimore, running back bíi ọmọ wa, wá ṣiṣẹ́ fún? Ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì South Carolina, ní 2010, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òfin ní kó dúró. Ní 2011, orúnkún òsì rẹ̀ bàjẹ́. Ó tọ́jú rẹ̀, ó padà. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2012, nínú ọdún kẹta tí òfin ní kó pé, orúnkún ọ̀tún yẹ̀, iṣan rẹ̀ já. San Francisco 49ers ṣàánú rẹ̀, wọ́n mú un ní ìpele kẹrin ní 2013, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kò gbà mọ́. Nígbà tó di 2014, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láìgbá ìdíje kan fún wọn. Ọmọ ọdún 23 ni. Ìyá Ìbejì, gbogbo owó tí wọ́n fi orúkọ ọmọ yẹn pa, gbogbo àwọn tó kún pápá láti wò ó, ọ̀fẹ́ ló ṣe é fún wọn. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ojúkòkòrò ló ń ṣe ọmọ. Ìwé kì í sá lọ. Èèyàn lè padà wá parí dìgírì ní ọmọ ogójì ọdún. Ẹsẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ń san owó náà tún dá kún ìkánjú wọn. Ní 2010, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú, Sam Bradford, gba àdéhùn tí mílíọ̀nù 50 dọ́là nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó máa gbà bó ti wù kó rí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi òdiwọ̀n sí owó àwọn ọmọ tuntun, Cam Newton tí wọ́n kọ́kọ́ mú sì gba bíi mílíọ̀nù 22 fún gbogbo ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn àkọ́kọ́ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú, wọn ò sì lè tún un dá kó tó gbá ọdún mẹ́ta. Àdéhùn kejì ni owó wà. Ẹni tó bá wọlé ní ọmọ ọdún 21, ọmọ ọdún 25 ló máa jẹ́ nígbà tó bá tún jókòó dúnàá-dúrà. Ẹni tó bá wọlé ní 23, ó ti di 27. Ní ti running back, ẹni ọdún 27 ti di ẹrù àlòkù lójú àwọn ẹgbẹ́. Ọmọ wa ṣe ìṣirò yìí fún mi lórí tábìlì ilé ìdáná mi, kò sì ṣì í.

Àmọ́ ohun kan ti yí padà. Láti oṣù Agẹmọ 2021 ni wọ́n ti gba àwọn ọmọ láyè láti fi orúkọ àti àwòrán wọn gba owó ìpolówó ọjà. Láti oṣù Agẹmọ ọdún tó kọjá, iléèwé fúnra rẹ̀ lè san owó fún wọn, tó bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún fún gbogbo eléré ìdárayá iléèwé kan. Ó sì ti hàn: ní 2019, àwọn tó tètè lọ sí draft ju 100 lọ, ní 2024 wọn ò tó 60. Tẹ́lẹ̀, ebi ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Báyìí, ẹni tó bá dúró ń gba nǹkan tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ṣé o rántí Olumuyiwa Fashanu tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ nígbà kan? Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi létí, Ifá ṣàánú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olu ni gbogbo wọn ń pè é níbí. Yunifásítì Penn State ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọdún 2022, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ní wọn ò ní fi ṣeré ní ìpele kìíní bó bá jáde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ogún ọdún, ó sì ti fara pa tí kò gbá àwọn ìdíje tó kẹ́yìn. Ó ní òun ń dúró. Ó gbá ọdún 2023, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di oṣù Igbe 2024, ní Detroit, New York Jets mú un, òun ni ẹni kọkànlá. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Yorùbá yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi pariwo bí ẹni pé ọmọ òun ni. Òun ló wá fi ń bá tirẹ̀ jà báyìí: “Fashanu dúró!” Mo sọ fún un pé iṣẹ́ wọn ò jọra. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ni Fashanu, ẹni tó dúró bí odi, irú wọn ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń gbá a mọ́lẹ̀ ní ogún ìgbà nínú ìdíje kan.

Jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo dúró sí. NFL ní ìgbìmọ̀ kan tó máa ń sọ fún ọmọ tó bá béèrè bóyá wọ́n lè mú un ní ìpele kìíní, tàbí ìkejì, tàbí kó dúró síléèwé. Ọmọ wa béèrè. Lẹ́tà náà dé ní oṣù tó kọjá: kó dúró. Ó fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló wá ń tì í? Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì ń pè é lójoojúmọ́, ó ń sọ fún un pé ìgbìmọ̀ kò mọ nǹkan, pé ìpele kejì ló máa bọ́ sí. Mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo bi í pé bí wọn ò bá mú ọmọ yìí rárá ńkọ́? Ó ní ẹgbẹ́ kan á ṣì pè é. Kò sọ fún ọmọ wa pé ẹni tó bá ti lọ sí draft tí wọn ò mú kò lè padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì mọ́. Èmi ni mo sọ fún un, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó dákẹ́ pẹ́.

Bí ìgbìmọ̀ bá ní ìpele kìíní tàbí ìkejì ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá bá a di ẹrù rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi títí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, kó gbá ọdún kan sí i, kó gba owó tí iléèwé ń san, kí wọ́n ra inṣọ́ránsì fún ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì parí ìwé náà nígbà tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí orúnkún rẹ̀ bá bàjẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà tó ń bọ̀, èmi ni mo ní kó dúró. Mo ti rò ó, mo sì gbà láti ru ú.

Pè é, jọ̀wọ́. Má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ jọ gun Òkè Olúmọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti aṣọ tí o rán fún un tí kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lánàá ló ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o rán agbádá fún òun. Ó ní bí òun bá lọ, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ ní oṣù Igbe. Bí òun bá dúró, òun á wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí òun bá gba ìwé ẹ̀rí. Àwọ̀ búlúù tó dúdú ló fẹ́, má jẹ́ kí iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo ti wọn ọ́n: orí 24, ọrùn 18, èjìká 21, àyà 46, ìdí 42, itan 27. Mo wọn itan náà lẹ́ẹ̀mejì, 27 ni. Bó bá tún lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn kóòṣì yẹn, ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán ṣòkòtò.

Bá mi kí àwọn ìbejì àti bàbá wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe