Ooru ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ òkú

Knoxville, Tennessee,
Amẹ́ríkà.
12 Oṣù Keje.

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ṣeun ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ò jẹ́ kí ẹ rímú mí n'Íbàdàn. Níbí, ooru ló ń pa wá.

O ní dókítà kan nínú ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ ń tẹnu mọ́ ọn pé ọjọ́ mẹ́ta ni olóògbé ti kú, o wá ní kí n ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ tó ń yẹ òkú wò ṣe ń dúró ní kóòtù, tí wọ́n á sọ iye ọjọ́ tí ẹnì kan ti kú, nígbà tí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Lọ́yà ni ọ́, o ò ní gba “wọ́n ní” lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n má gbé oúnjẹ síwájú ka lẹ́tà yìí o.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú yìí ni ilẹ̀ onígi kan wà tí kò tó éékà mẹ́ta, wọ́n fi ọgbà yí i ká. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ti ń sun ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀. Òkú èèyàn ló wà níbẹ̀ báyìí: òmíràn ní gbalasa, òmíràn lábẹ́ igi, òmíràn nínú sàréè tí kò jìn, kódà wọ́n ti gbé òmíràn sínú bùútù mọ́tò rí. “Body Farm”, ìyẹn oko òkú, ni aráàlú ń pè é. Wọ́n ń wo bí ara ṣe ń jẹrà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bass, onímọ̀ nípa egungun èèyàn, ló dá a sílẹ̀, àṣìṣe kan ló sì tì í dé ìdí rẹ̀. Ní ìparí 1977, àwọn kan hú sàréè àtijọ́ nílùú Franklin, nítòsí Nashville. Ọlọ́pàá débẹ̀, wọ́n bá òkú tí ẹran ara rẹ̀ ṣì pọ́n. Wọ́n rò pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni, tí apànìyàn fẹ́ fi sàréè olókùú bò mọ́lẹ̀. Bass yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkùnrin náà ò tíì ju bí ọdún kan lọ tó kú. Fúnmi, láti 1864 ló ti kú! Ọ̀gágun William Shy ni, tí wọ́n yìnbọn pa lójú ogun Nashville, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi oògùn tọ́jú òkú rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ inú pósí onírin, kòkòrò ò ráyè wọlé. Ọdún 113 ni Bass fi ṣì í. Ohun tó wú mi lórí nípa bàbá náà ni pé kò fi í pamọ́, ó ń sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ó wá rí i pé ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ní 1981, wọ́n tẹ́ òkú àkọ́kọ́ síbẹ̀.

Bí èèyàn bá kú, ara á kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan á gan. Tó bá di bí ọjọ́ kan àbọ̀ tàbí méjì, gígan náà á tún tú. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn lọ sí apá tó kanlẹ̀, á pọ́n síbẹ̀. Èyí wúlò fún ìwọ: bí pípọ́n yẹn bá wà lẹ́yìn, tí wọ́n sì bá òkú ní ìdojúbolẹ̀, ẹnì kan ti yí i padà. Lẹ́yìn náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun á kọjú sí ara fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, torí ibẹ̀ ni ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á kún inú, òkú á wú.

Eṣinṣin ò ní dúró dìgbà yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn tó ń dán yanranyanran yẹn lè ti dé, wọ́n á yé ẹyin sí ẹnu, imú, ojú àti ojú ọgbẹ́. Bí ìdin bá wá pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ òkú, ó yẹ kí èèyàn béèrè bóyá olóògbé fi ọwọ́ gba ọ̀bẹ.

Ooru ló ń darí gbogbo èyí. Wọ́n á ro ìwọ̀n ooru ojoojúmọ́ pọ̀: ọjọ́ 10 ní ìwọ̀n 20 lórí Celsius jẹ́ 200, ọjọ́ 20 ní ìwọ̀n 10 náà jẹ́ 200, òkú méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Arpad Vass, tó ṣe ìwádìí níbí, ní kí wọ́n fi ìwọ̀n ooru pín 1285, iye ọjọ́ tí òkú orí ilẹ̀ yóò fi di egungun nìyẹn. Ní ìwọ̀n 10, ó lé ní oṣù mẹ́rin. Ní ìwọ̀n 27, tí Ìbàdàn ò jìnnà sí, kò tó 50 ọjọ́.

Àmọ́ má gbé ìṣirò yẹn lọ sí kóòtù Ìyágankú o! Ojú ọjọ́ ibí ni wọ́n fi ṣe é. Ní San Marcos, Texas, tí wọ́n ti dá irú ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2008, igún wà. Wọ́n tẹ́ òkú kan síta, kámẹ́rà ń ṣọ́ ọ. Ó lé ní oṣù kan kí igún tó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dé, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ di egungun. Ẹni tó bá gbé ìṣirò Tennessee lọ síbẹ̀ á jìn sí kòtò.

O béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí òkú. Àwọn èèyàn ló ń fi ara wọn sílẹ̀. Wọ́n á ti tọwọ́ bọ ìwé láàyè, tàbí kí ẹbí fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ikú. Kò sí pósí, kò sí aṣọ ẹbí. Òkú kì í kúkú mọ iye tí a ra àgọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún wọn, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1-81. Tí ẹran ara bá tán, wọ́n á fọ egungun, wọ́n á kó o sínú páálí, irú àwa akẹ́kọ̀ọ́ yìí á máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹbí lè wá wò ó tí wọ́n bá fẹ́. Màmá mi gbọ́, wọ́n ní ṣé ọmọ èèyàn ni wọ́n ń sọ sígbó báyẹn bí ẹni tí kò ní ará. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́, torí kò sí òkú tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n n kò tíì tọwọ́ bọ ìwé kankan, fọkàn balẹ̀.

Ní ti ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ: kí dókítà yẹn tó kúrò nínú àpótí ẹlẹ́rìí, bi í bóyá ẹnikẹ́ni wọn ooru ibi tí wọ́n ti rí òkú, bóyá wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú oòrùn ló wà tàbí ibòji, àti bóyá wọ́n bu nínú ìdin ara òkú náà pamọ́ sínú ọtí (alcohol), kí wọ́n lè mọ bó ṣe dàgbà tó. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, “ọjọ́ mẹ́ta” tó ń tẹnu mọ́ yẹn, àfojúbù ni. Fi èsì ránṣẹ́ sí mi kí ẹjọ́ tó tún jókòó.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Dúpẹ́.