Lẹ́tà sí Àsàbí lórí ọ̀rọ̀ Àǹtí Ràfátù

Táńkẹ̀, Ìlọrin

Àsàbí mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ lórí fóònù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gé e, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Jẹjẹrẹ ọmú Àǹtí Ràfátù ti ràn dé orí. Kókó kan ṣoṣo ni àwòrán fi hàn nínú ọpọlọ wọn, lápá ọ̀tún. Àwọn dókítà ní àwọn lè yọ ọ́.

Bàtà la fi kọ́kọ́ fura. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì wọn a yọ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọn a sì máa rìn lọ láìmọ̀, èmi ni màá ṣà á tẹ̀ lé wọn dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orí fífọ́ àti èébì àárọ̀ dé. Wọ́n wá fún wọn ní dexamethasone kí ibi tó wú yí kókó náà ká lè rọlẹ̀. Kò pẹ́ rárá, Àǹtí tún ti ń rẹ́ ilá fúnra wọn, wọ́n ń bá mi jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Àsàbí, ìjà yẹn dùn mọ́ mi ju ẹ̀bùn lọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kò jù wá lọ, ó sì ní sùúrù. Mo bi í pé báwo ló ṣe rò pé ó máa já sí. Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí Àǹtí de bọ́tìnnì bùláòsì wọn, kí wọ́n rìn dé ojú fèrèsé, kí wọ́n padà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé láti 1949 ni àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ti ń fún agbára aláìsàn ní máàkì, láti 0 dé 100. Ẹni tó gba 70 lè wẹ̀, lè wọṣọ, lè jẹun láìsí pé ẹnì kan ràn án lọ́wọ́, kódà bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́. 70 yẹn ni wọ́n fi ń pààlà: ẹni tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìrètí rẹ̀ dín kù gan-an. Wọ́n á tún wo ọjọ́ orí, irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, iye kókó tó wà nínú orí, àti bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ti Àǹtí kò tíì débẹ̀. Dókítà ní bó bá jẹ́ kí oògùn tó ràn wọ́n lòun rí wọn, 50 lòun ì bá kọ. Ní báyìí, 70 ló kọ. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kì í pa kókó, wíwú nìkan ló ń mú wálẹ̀. Tí a bá ń fà á, agbára yẹn á tún lọ. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n ṣe é kíákíá nìyẹn.

Alhájì, ọkọ wọn, ni kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ka ìwádìí kan lórí fóònù, ti Amẹ́ríkà, 1990, lára aláìsàn 48 tó ní irú kókó kan ṣoṣo yìí. Láàárín àwọn tó gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó kókó nìkan, ìdajì ti kú kí ọ̀sẹ̀ 15 tó kọjá. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó gba ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ 40. Wọ́n ní ṣé torí ọ̀sẹ̀ 40 làwọn ó ṣe ta ilẹ̀ Gànmọ̀? Mo ní ìdajì àwọn èèyàn yẹn ló kọjá ọ̀sẹ̀ 40, àti pé nígbà náà, trastuzumab, oògùn tó ń bá irú jẹjẹrẹ Àǹtí jà, kò tíì sí. 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Alhájì dákẹ́. Ojú wọn ti pọ́n. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ṣìfáwù ti bí ìbejì, ara ìyá rẹ le, òjò sì ń rọ̀ dáadáa.

Àsàbí, Táyé ni mo fẹ́ torí rẹ̀ bẹ̀ ọ́. Ìlú kan náà lẹ wà, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún un. O mọ ọmọ yẹn: tí a bá pè é, íntánẹ́ẹ̀tì ló máa wọ̀ lọ, á ti fi nọ́ńbà sin ìyá rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Jọ̀ọ́, lọ bá a nílé. Jẹ́ kó jẹun ná. Sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ náà léwu, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọpọlọ, apá òsì sì lè rọ. Má fi pa mọ́. Sọ nípa 70 náà fún un, àti ọbẹ̀ ilá. Kó wá pe bàbá rẹ̀. Tèmi kò wọ Alhájì létí tó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́ ti Táyé.

Tí o bá ti rí i, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ì báà jẹ́ òru. Mi ò ní pa fóònù.

Èmi ni tìrẹ,
Mòrẹ́nikẹ́