Ẹ Jẹ́ Káwọn Onígìtá Náà Ríbi Ṣeré

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn kílọ́ọ̀bù Èkó, ẹ dárúkọ gbogbo dí-jè pátá, ẹ ò dárúkọ báńdì kan ṣoṣo, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé fóònù.

Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú báńdì rọ́ọ̀kì. Bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ní Súrùlérè ni wọ́n ti ń ṣe rìhásà, mo ti mọ gbogbo orin wọn sórí bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo nínú ẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò ní orin èṣù ni, pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa. Kí ni kì í ṣe tiwa? Ní 1973 tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ọmọ St. Gregory's College, ọmọ iléèwé bíi tèmi o, ló dá báńdì tí wọ́n ń pè ní Ofege sílẹ̀, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI gbé àwo-orin wọn, Try and Love, jáde fún wọn, kò sọ́mọbìnrin tí ò ń lálàá wọn ní kíláàsì wa (èmi náà wà níbẹ̀ jàre). Ọdún yẹn náà ni báńdì BLO gbé àwo-orin wọn, Chapter One, jáde, Berkley Jones nídìí gìtá, Laolu Akins nídìí dírọ́ọ̀mù, Mike Odumosu nídìí gìtá béèsì, orúkọ wọn ni wọ́n gé jọ tó di BLO. Ginger Baker òyìnbó onílù tiẹ̀ wá kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń wọ ṣòkòtò làbú jáde lóru ló sọ fún mi pé nígbà yẹn ọ̀pọ̀ onílé kílọ́ọ̀bù ló ra irinṣẹ́ fúnra wọn, gìtá, dírọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀, olórin kàn ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ni. Ìgbà tí dísíkò dé, BLO fúnra wọn yí síbẹ̀, àwọn onílé kílọ́ọ̀bù sì rí i pé owó ẹnì kan tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù ò tó ti báńdì ẹlẹ́ni mẹ́jọ, bó ṣe parí nìyẹn. Òyìnbó ló wá kó orin àwọn báńdì ìgbà yẹn jọ sínú àwo kan lọ́dún 2008, wọ́n pè é ní Nigeria Rock Special, ọmọ mi gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá ń kọ́ mi lórin ìgbà ọ̀dọ́ mi!

Lóṣù tó kọjá kílọ́ọ̀bù kan pe báńdì ọmọ mi. Onílé kílọ́ọ̀bù ní kí wọ́n kó àádọ́ta èèyàn tó máa ra ọtí wá kóun tó lè sanwó fún wọn. Wọ́n yá dírọ́ọ̀mù, wọ́n yá amplifáyà, wọ́n fi kòròpe kó o, èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo jókòó sórí àga oníke títí aago kan òru. Orin mẹ́ta péré ni wọ́n kọ tí dí-jè fi tan orin tiẹ̀ lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń jó o! Ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́rin ni wọ́n fi sanwó fún wọn.

Mi ò ní kí wọ́n lé dí-jè. Ọjọ́ Túsìdeè tí kílọ́ọ̀bù máa ń dá páropáro yẹn, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ra dírọ́ọ̀mù kan sílẹ̀, kí wọ́n fi alẹ́ yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọ yìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn, ẹ rán oníròyìn yín wá, aago mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe rìhásà. Màá se ẹ̀wà. Kó mú òwú etí dání.

Ìyá onígìtá,
Súrùlérè