Ẹ máa ti èsì àyẹ̀wò pa kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ilé ìwòsàn àti láàbù ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú létí. Iṣẹ́ bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù. Fótòkọ́pì, ìwé títẹ̀, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dé ọ̀dọ̀ wa tí kò yẹ kó débẹ̀: èsì àyẹ̀wò ara ọmọlọ́mọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Màmá kan lọ ṣe àyẹ̀wò, láàbù ní kó mú ímeèlì wá kó má bàa tún wọ mọ́tò padà wá gbèsì. Màmá ò ní ímeèlì, ti ṣọ́ọ̀bù wa ló máa fún wọn. Bí èsì bá dé, ojú kọ̀ǹpútà tí gbogbo oníbàárà ń rí ló ń já sí. Lọ́jọ́ kan, orúkọ obìnrin kan látòkèdélẹ̀ ni wọ́n kọ sí àkọlé, wọ́n wá fi "HIV" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò tíì ṣí i tí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi fi kà á. Níbi tí ẹni tó gbọ́ orúkọ ti ń mọ agboolé, kí ló tún kù?

Òfin ò dákẹ́ lórí ẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ìlera aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gbẹgẹ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n fi páásíwọọ̀dù ti fáìlì náà pa kí wọ́n tó so ó mọ́ ímeèlì. Microsoft Word ní àyè rẹ̀. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé bíi Word tó jẹ́ ọ̀fẹ́, náà ní i, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìwé di PDF. Kí wọ́n wá pe aláìsàn sórí fóònù, kí wọ́n sọ páásíwọọ̀dù náà fún un lẹ́nu. Kí wọ́n má kọ ọ́ sínú ímeèlì kejì o, torí ẹni tó bá rí ọ̀kan á rí èkejì. Kó má sì jẹ́ ọjọ́ ìbí, tí gbogbo ẹbí mọ̀. Ní ti àkọlé, "Ìwé yín ti dé" tó.

Àwọn kan á ní ṣebí Gmail ti ń dáàbò bo lẹ́tà. Lójú ọ̀nà nìkan ni. Bó bá ti wọlé sí àpótí tán, gbangba ló wà fún ẹnikẹ́ni tó lè ṣí àpótí náà, gbogbo àwa tá a wà ní ṣọ́ọ̀bù la sì lè ṣí tiwa. Fódà Downloads, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì tá a bá gbà sí, ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Èsì tá a tẹ̀ jáde láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀: jínótáìpù ọmọ tó ń múra ìgbéyàwó, èsì hẹpatáítìsì bàbá ẹnìkan. A máa ń pa wọ́n rẹ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́rìí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láti ibí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Fáìlì tí wọ́n bá ti tì pa, títì náà ni ẹ̀dà tó ṣẹ́kù á wà. Aláìsàn á tẹ páásíwọọ̀dù fúnra rẹ̀, àwa á wojú ibòmíì, á gba ìwé rẹ̀, á sì máa lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ímeèlì rárá, kí wọ́n fún un ní àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Mo tún bẹ Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo níbí àti ti Babcock ní Ìlíṣàn, níbi tí àwọn dókítà lọ́la ti ń kọ́ṣẹ́: ẹ fi fáìlì títì mọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ wọn.

Oníbìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà,
Ṣàgámù