Fúnmi, ṣé o rántí akíkà ìdí ọ̀gán?

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ 22, oṣù Èrèlé, 2026.

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Manchester ò tíì fi yín sílẹ̀. Ooru la wà nínú ẹ̀ níbí ní tiwa, iná ọba sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù lálẹ́ àná. O rẹ́rìn-ín títí, o ní kí ni mo ń wá láàárín ọjà pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, àti pé ẹranko wo ló wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dà bí ọ̀pẹ òyìnbó tó nírù. Mo ní kí n má fi ohùn dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà gùn. Akíkà ni. O mọ̀ ọ́n dáadáa. A jọ jẹ ẹ́ ni.

Àbí o ti gbàgbé? A wà ní ìwé kẹrin nígbà yẹn. Bàbá ẹ ti oko dé lálẹ́, wọ́n sọ nǹkan kan sílẹ̀ gbì bí bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ìdí ọ̀gán ni àwọn ti bá a níbi tó ti ń fahọ́n lá ikán. Bó ṣe gbúròó ẹsẹ̀ wọn ló ká ara ẹ̀ kò, kò sì kúrò lójú kan. Wọn ò yìnbọn, wọn ò yọ àdá, wọ́n kàn gbé e sápò ni. Ìyá ẹ da omi gbígbóná lé e, wọ́n ń ṣí ìpẹ́ ara ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ìpẹ́ ẹja ńlá, àwa méjèèjì sì ń ṣà á. Ìpẹ́ yẹn la fi ṣe owó. A fi ra àkàrà erùpẹ̀ lọ́wọ́ ara wa fún bí ọjọ́ méjì, nígbà tó sú wa, a kó o dà sí àkìtàn ẹ̀yìnkùlé yín. Fi àkìtàn yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Sátidé kẹta nínú oṣù Èrèlé ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ akíkà káàkiri àgbáyé, àná ló bọ́ sí lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń polongo pé ká má pa akíkà mọ́ ló wá sí iléèwé wa lọ́dún tó kọjá pé kí n bá wọn kó àwọn ọmọ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé ọjọ́ kan péré ni. Báyìí èmi ni mò ń di gbohùngbohùn mú.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ni ò jẹ́ kí n lè yọwọ́. Kò léyín, Fúnmi. Ahọ́n gígùn bí okùn ló fi ń jẹun. Ohun tí Ọlọ́run fi ṣe ìpẹ́ ara ẹ̀ náà ló fi ṣe èékánná èmi àti ìwọ. Ẹni tó bá ń wá a fún oògùn, kó kúkú gé èékánná ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ̀ mu. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìdí ìrù ni ìyá sì ń gbé e sí kiri bí àwa náà ṣe ń pọnmọ. Tó bá ti ká kò, ẹkùn á yí i síwá yí i sẹ́yìn, á fi í sílẹ̀. Àmọ́ ọmọdé tó bá lápò lè gbé e relé.

Irú mẹ́jọ ló wà láyé, mẹ́rin nílẹ̀ Éṣíà, mẹ́rin nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ti ń pa tọ̀hún tán lọ, wọ́n yíjú sí tiwa. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n fẹnu kò pé òwò akíkà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀. Lọ́dún 2020, ìjọba China yọ ìpẹ́ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àkójọ oògùn wọn. Síbẹ̀, ní 2021, ìpẹ́ tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ni àwọn aṣọ́bodè ká mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ ní Lẹkki, pẹ̀lú eyín erin.

Ọ̀rọ̀ Lẹkki yìí ni wọ́n yà sórí ìwé tí a gbé lọ sọ́jà lánàá: kọ̀ǹténà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọkùnrin kan tó faṣọ bojú. Èdè òyìnbó ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ nípàdé pé èyí ò ní wọ àwọn èèyàn wa létí, wọ́n ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ná.

Ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ yíyan gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i lódìlódì, ó tún yí i padà. Ó ní, “Tíṣà, èwo wá ni tèmi níbẹ̀? Mi ò dé èbúté rí. Mi ò mọ ará China kankan. Ẹran ni mò ń tà.” Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó bá wa wá láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún un: òfin 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń tán lọ, àbádòfin tuntun tí Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10. Kó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìyá náà ti kọjú sí oníbàárà. Àwọn lẹ́kulẹ́ja tó wà ní ìlà kejì ò tiẹ̀ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mi ò lè bínú sí i, torí òótọ́ ló sọ. Ìwádìí kan jáde lọ́dún tó kọjá lórí àwọn ọdẹ àti ọlọ́jà ẹran lágbègbè igbó Cross River. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 21,000 akíkà ni wọ́n ń pa níbẹ̀ lọ́dún kan, ẹran ni wọ́n sì ń pa á fún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọ́n torí ìpẹ́ pa. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpẹ́ ọ̀hún, ńṣe ni wọ́n ń dà á nù. Mo kà á débẹ̀, mo rántí àkìtàn yín. A ti ń na ìka sí ará China láti ọjọ́ yìí, ìkòkò ọbẹ̀ wa sì wà lórí iná.

Ni mo bá gba gbohùngbohùn, mi ò dárúkọ kọ̀ǹténà mọ́. Mo ní èmi náà ti jẹ ẹ́ rí, mo sì sọ bó ṣe jẹ́ (fọkàn balẹ̀, mi ò dárúkọ ẹ). Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì, ìgbà wo lẹ fojú rí i lóòyẹ̀ kẹ́yìn? Kì í ṣe pé ọjà dákẹ́ o, ọjà kì í dákẹ́, àmọ́ bí èèyàn mẹ́ta dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní ìgbà tí àbíkẹ́yìn òun ń mu ọmú ni, ọmọ náà sì ti wà ní yunifásítì báyìí. Ìyá ẹlẹ́ran náà dá sí i, ó ní ọ̀yà lòun ń tà jù, pé akíkà ti wọ́n. Ó ní ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá gbé e dé, òun á rà á, torí bí òun ò rà á, ẹni tí ìsọ̀ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun á rà á. Mo rí nǹkan kan tó fi àpò bò lábẹ́ tábìlì. Mi ò bi í. Bóyá ó yẹ kí n bi í.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà gan-an ló kù yìí. Mo lọ kí bàbá ẹ lóṣù tó kọjá. Ara wọn le, rédíò wọn wà lórí itan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo bi wọ́n nípa akíkà. Wọ́n ní, “A kì í dọdẹ akíkà. Òun ló máa ń pàdé ẹni.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: bó ṣe ń sùn sínú ihò igi lọ́sàn-án, bó ṣe ń fi ìrù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka lóru, bí wọ́n ṣe ń mọ ipasẹ̀ ẹ̀ lára ọ̀gán tó ti tú. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni. Nínú gbogbo ìpolongo tí mo ti bá wọn lọ, mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á sínú fóònù, kí n lè lò ó fún àwọn ọdẹ àti àwọn ọlọ́jà. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó lọ́jọ́ alẹ́ àwọn kí àwọn máa bú iṣẹ́ ọdẹ tó rán ọmọ àwọn níwèé dé Manchester. Mo ní kì í ṣe èébú, mo ní ní igbó Ọmọ, lọ́wọ́ abúlé J4, àwọn ọdẹ àtijọ́ wà lára ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ erin báyìí, wọ́n sì ń gbowó oṣù. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìròyìn.

Ìwọ nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Má kọ́kọ́ dárúkọ ìpolongo rárá. Sọ fún wọn pé ọmọ ẹ fẹ́ gbọ́ bí akíkà ṣe ń rìn lóru. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, tí inú wọn dùn, kó o wá bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún ní rárá, ó tán nìyẹn, mi ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni kó o pè wọ́n, ní bí aago mẹ́rin tiwa. Wọ́n ti máa ń gba fóònù wọn lọ́dọ̀ ọmọ tó ń bá wọn fi iná sí i nígbà yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Ṣadé