Lẹ́tà sí Ìyá Bísọ́lá ní Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ooru iná. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará Tákié.

Ẹ bi mí pé kí ni wọ́n tún ń kọ́ àgbàlagbà nípa oúnjẹ sísè níbi ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ níbí. Òṣùwọ̀n ni, ohun náà ló sì máa ń le jù fún àgbà. Ọwọ́ tó ti mọ̀ pé "ó tó" láìwọ̀n gbọ́dọ̀ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀ ní gíráàmù. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà kò kan bùkà yín. Ẹyin àti bọ́tà tí wọ́n ń lù pọ̀ lórí omi gbígbóná, tí wọ́n ń pè ní hollandaise, ta ló máa béèrè rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àwọn tó kàn yín ni mo kọ síbí.

Omi eegun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wá eegun màlúù kílò 4, ẹ bu omi tútù lítà 6 lé e. Omi tútù ni o, ẹ má fi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, nítorí bí omi bá ṣe ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ni ìdọ̀tí inú eegun máa ń jáde tí ó sì ń léfòó. Bó bá ti fẹ́ hó, ẹ dín iná kù, ẹ fi ṣíbí ré ìhó orí rẹ̀ dànù. Ẹ má dé e, ẹ má sì jẹ́ kó hó yéèyéè: bó bá hó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá àti ìdọ̀tí á pò mọ́ omi, kò ní mọ́ mọ́. Wákàtí 6 sí 8 ni fún eegun màlúù, 3 sí 4 fún ti adìẹ. Eegun ẹja kì í ju ìṣẹ́jú 45 lọ, bó bá pẹ́ jù, ó máa ń korò. Ìlàjì kílò àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì ni kí ẹ jù sí i nígbà tó bá ku wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá, torí omi á fà, iyọ̀ kò ní fà. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ máa fi se ọbẹ̀ ata. Mágí tí ẹ ń rà á dín kù. Èédú tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjà tó iná fún un.

Èkejì ni ọbẹ̀ àṣẹ́kù. Láàárín 5°C sí 63°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Ìkòkò ńlá tí a dé sílẹ̀ lálẹ́, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di òru, ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ti ń kan. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fún wa níbí láti mú un tutù kó tó wọ fíríìjì. Ẹ pín in sínú abọ́ fífẹ̀, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi, kí ẹ máa rò ó. Omi kànga nìkan kò lè mú un tutù ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tutù lọ, nítorí náà ẹ kó omi inú ọ̀rá tó ti dì sínú omi ìta yẹn. Ìrẹsì ló burú jù. Kòkòrò Bacillus cereus máa ń la iná já nínú rẹ̀, májèlé tó bá sì tu sílẹ̀ kì í kúrò bí ẹ tilẹ̀ gbé e kaná padà. Èyí tí kò bá tètè tutù, ẹ dà á nù.

Ti adìẹ: wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, torí omi rẹ̀ máa ń ta sára àwo àti ewébẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Bí ẹ bá máa fọ̀ ọ́, inú baàfù ni, kó jìnnà sí oúnjẹ tó ti jinná, kí ẹ sì fọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pákó tí ẹ fi ń gé ẹran tútù kò gbọdọ̀ kan ohun tí a ò ní sè mọ́. Pákó pupa ni ti ẹran tútù níbí, aláwọ̀ ewé ni ti sàláàdì. Ọ̀dà tí ẹ bá fi sàmì sí etí pákó náà ti tó.

Fún ọ̀bẹ pípọ́n, ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí òkúta tí ẹ fi ń pọ́n ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì èyí tó kù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pọ́n ọn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní iye kan náà. Ọ̀bẹ tó kú ló máa ń yọ̀ lórí àlùbọ́sà tí í gé ọmọọṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo fi tẹmómítà kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ibi tí itan adìẹ ti ki jù ni kí ẹ tì í bọ̀, kó má kan eegun. Bó bá kà 75°C, ó ti jinná. Kí ẹ tó lò ó, ẹ rì í bọ inú yìnyín àti omi, kó kà 0. Bí kò bá kà bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí.

Àbúrò yín ní Leeds