Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kẹta: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọbìnrin Ráàyè Kàwé Nílé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì kú òjò tí ò fẹ́ dá yìí. A dúpẹ́ pé táàmù kẹta parí láyọ̀, a ò sunkún ọmọ, ìdánwò lọ dáadáa, ríṣọ́ọ̀tì sì ti wà nínú báàgì àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí a máa wọlé padà, owó iléèwé àti lísìtì ìwé kíláàsì tuntun, gbogbo ẹ̀ la ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ríṣọ́ọ̀tì, mi ò ní tún un sọ níbí. Ẹ̀yin tí owó táàmù yìí ò tíì pé lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá rí wa kí họ́lídè tó jìnnà, a máa jọ sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa kéékèèké, àwọn tó wà ní nọ́sìrì títí dé pírámárì kẹta, àti ìwé kíkà nínú ilé.

Gbogbo wa la mọ bí họ́lídè ṣe máa ń rí ní Àkúrẹ́ níbí. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ọmọkùnrin á ti gbé bọ́ọ̀lù, ó ti lọ nìyẹn, ọmọbìnrin ọdún méje á mú ìgbálẹ̀, tó bá gbálẹ̀ tán á fọ abọ́ àná, tó bá fọ abọ́ tán á pọn àbúrò ẹ̀, tó bá sọ àbúrò kalẹ̀ á tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ Ọjà Ọba, tí wọ́n bá fi máa dé nírọ̀lẹ́ ata ló kàn, nígbà tóúnjẹ alẹ́ bá sì fi jinná oorun ti ń gbé e lọ. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn, ìwé ṣáà ni ò ráàyè kàn án.

Mi ò sọ pé kọ́mọ má ṣiṣẹ́ ilé o. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í jókòó ká máa wo ìyá wa níṣẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ pín iṣẹ́ náà, kí ọmọkùnrin náà mú ìgbálẹ̀, kí ọmọbìnrin náà rí ibi jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà ló máa ń hàn. Ọmọ tó ń kàwé já gaara nígbà tí a parí lóṣù Júláì á dé, á máa fọwọ́ tọ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, á máa wojú tíṣà bóyá òun gbà á àbí òun ò gbà á, tíṣà á wá kọ́kọ́ máa wá èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó lè kọ́ ọ ní tuntun. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọmọ yẹn lórí pípé, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá a ṣí ìwé láti ọjọ́ tí a ti pa iléèwé ni.

Àkókò tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Láàárín ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé iṣu kaná sígbà tó máa jinná, ó ti tó. Àgbàlagbà kan, ọmọ kan, ìwé kan, kẹ́ ẹ jókòó pọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, kí fóònù yín náà sinmi díẹ̀ lórí tábìlì. Tí kò bá síná, ẹ ṣe é kílẹ̀ tó ṣú tàbí kẹ́ ẹ tan làńtà sólà.

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń bi mí pé, "Mà, báwo ni ká ṣe é?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ jókòó tì yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa wo ojú ìwé kan náà, ẹ má gbé e síwájú yín bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀daràn lẹ́nu wò. Òun ni kó di ìwé mú, òun ni kó máa ṣí i. Ẹ fi ìka yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, kójú ẹ̀ lè máa bá ohùn yín rìn. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tọ́rọ̀ ti fẹ́ dùn, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ bi í pé, "Kí lo rò pé Ìjàpá máa ṣe báyìí?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn máa ń nira fún wa, torí ẹnu àgbà máa ń yá láti dáhùn, àmọ́ ẹ ní sùúrù, ohun tó máa sọ á yà yín lẹ́nu, ọmọ míì á ní Yánníbo ló yẹ kó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Ẹ bi í ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé kíkà wà, ọmọ tó ń ronú sóhun tó ń kà ò ní pẹ́ mọ̀wé.

Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ẹ dúró kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò bá gbà á ẹ sọ ọ́ fún un, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má gbá a lórí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sì pè é ní olódo. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní olódo nídìí ìwé, tó bá tún ti rí ìwé, olódo yẹn ló máa ń gbọ́ létí. Tó bá sì jẹ́ ìwé kan náà ló ní kẹ́ ẹ kà fóun lálaalẹ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ẹ kà á. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló ń dọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn, lọ́jọ́ kan á gba ìwé náà lọ́wọ́ yín á ní òun lòun máa kà á lónìí, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín dáadáa, ẹ má rò pé mo ti yọ yín sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní pírámárì kejì, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ló ń gbé lápá Arákàlẹ̀. Màmá yẹn ò lọ iléèwé rárá. Ọmọ yìí ló máa ń ka ìwé làíbìrì wa fún un nígbà tí màmá bá ń bó ẹ̀gúsí, tí màmá bá sì gbọ́ ibi tí kò yé e á ní, "Dúró ná, kí ló wá dé sí ìyá ọmọ náà?" ọmọ á tún padà sẹ́yìn lọ wò ó. Nígbà tí ìwé náà padà dé iléèwé, epo pupa ti kan etí ojú ìwé mẹ́ta, àmì àtàǹpàkò hàn rekete lára ẹ̀, tíṣà làíbìrì fẹ́ gba owó ìtanràn, mo ní kó fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí kíláàsì wọn wá kàwé lásẹ́ńbìlì, ọmọ yìí ń kà á lọ, ó ṣàdédé dúró, ó wo gbogbo wa lójú, ó ní, "Dúró ná, kí ló wá dé sí ìyá ọmọ náà?" Ohùn màmá ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́. Gbogbo asẹ́ńbìlì dákẹ́, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó dé sí ìyá ọmọ. Kò sí lẹ́sìn tí mo lè san owó fún tó máa kọ́ ọmọ níyẹn.

Àlọ́ náà ń ṣiṣẹ́ yìí o. Tẹ́ ẹ bá pàlọ́ fún un lálẹ́, ẹ ní kó kọ ìlà méjì mẹ́ta sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì kà á sí yín létí. A ti fi nóòtù kékeré kan sínú báàgì ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan torí ẹ̀. Ẹ má bá a wí pé ó ṣi sípẹ́lì, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín yín ti fòfin de Yorùbá nínú ilé, ẹ ní ó máa ba òyìnbó ọmọ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan níléèwé pírámárì St. Stephen's, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, òyìnbó wá dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tiẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ń fòyìnbó kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú òyìnbó gan-an wọn ò rẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ wa yìí ló sì bí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tíṣà lòun náà, Yorùbá ló fi kọ àwọn ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí láti 1938. Kí wá ni ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó fẹ́ máa tijú fún nínú ilé bàbá ẹ̀? Ẹ kà á ní Yorùbá, ẹ kà á lóyìnbó, èyí tẹ́nu yín bá gbà.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé PTA, àwọn ìyá ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn bàbá á máa wo aago. Àmọ́ bàbá kan wà láàárín yín, mẹkáníìkì ni lọ́nà Ọba-Ilé, tó bá ti ṣíwọ́ á fọ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, á wá ka ìwé fáwọn ọmọbìnrin ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sọ fún mi pé ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á sì máa jà torí ẹni tó máa jókòó lápá ọ̀tún ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ ò ní ìwé tí ọmọbìnrin ti ṣe nǹkan gidi nínú ẹ̀ ni? Gbogbo èyí tí mò ń rí, omi ni wọ́n ń rán wọn." Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Mo lọ yẹ ṣẹ́ẹ̀fù wa wò, òótọ́ ló sọ, inú ọ̀pọ̀ ìtàn wa, ọmọbìnrin ni wọ́n máa fi ta ọdẹ tàbí ọmọ ọba lọ́rẹ, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. A ti ra àwọn ìwé míì kún un táàmù yìí, a ṣì ń wá sí i. Kó tó dìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá kan irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ bi ọmọ yín pé, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni ńkọ́?"

Ẹ sì máa sọ ìtàn àwọn obìnrin tó wà lóòótọ́ fún wọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Kò dá ìwé tó kà yẹn jẹ, ó dàgbà tán ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà níwèé, òun pẹ̀lú wọn ni wọ́n sì jọ dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin nílẹ̀ Ẹ̀gbá, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbọ́ ìtàn yìí kó yé e dáadáa, pàápàá ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń tajà.

Ẹni tí kò bá lówó ìwé, kó má jẹ́ kíyẹn dí òun lọ́wọ́. Ìwé sọ́ńdè súkùù wà nílé, ara páálí mílíìkì lọ́rọ̀ wà, pátákó tó wà lọ́nà Ọba Adésídà pọ̀ ju ohun tí ọmọ lè kà tán lọ bẹ́ ẹ bá jọ ń kọjá. Iléèwé náà á ṣí làíbìrì sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdè àti Tọ́sìdè ní gbogbo họ́lídè, tíṣà kan á wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìwé méjì lọ́mọ kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìdànrè, Ilé-Olújì, Ọ̀wọ̀ tàbí oko, ẹ wá sọ fún wa, a máa fún un ní mẹ́rin. Tí ìwé bá ya, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀, ẹ má fi pa mọ́ torí ìtanràn, a ní gọ́ọ̀mù.

Nóòtù kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ jọ̀ọ́ kó wà nínú báàgì lọ́jọ́ tí a bá wọlé, èmi fúnra mi ni mo máa gbà á, mo sì máa ka gbogbo ẹ̀.

Ẹ bá wa kí ará ilé.

Èmi ni tiyín,
Prínsípà